Ẹni Tí Ó Bá Rí Ewu, Kí Ó Sọ̀rọ̀

Ẹ̀kọ́ lórí ààbò níbi iṣẹ́

Ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ yín kọ, inú yín dùn. Ẹ̀kọ́ ti òní yóò fi hàn yín pé ìwé mímọ̀ lè gba ọwọ́ ènìyàn là, ó sì lè gba ẹ̀mí là pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn bẹ̀rẹ̀. Ìtàn yìí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan pàtó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ rí yóò mọ̀ pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀.

1. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní sọ́míìlì

Bàbá kan ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la gẹdú sí pákó. Sọ́míìlì ni a ń pe irú ibẹ̀. Ènìyàn 12 ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bàbá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń san owó iṣẹ́ lásìkò. Ó ra fìlà líle fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ó sì lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ògiri: “ÀÀBÒ NI ÀKỌ́KỌ́.” Ṣùgbọ́n àwọn fìlà náà wà lórí ìṣó, eruku ti bò wọ́n. Àwọn tí ó sì lè ka ìwé ara ògiri náà kò ju mẹ́ta lọ.

Bẹ́líìtì kan ni ó ń gbé agbára ẹ̀ńjìnnì lọ sí ara ayùn. Nígbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ náà, ìbòrí irin wà lórí bẹ́líìtì yìí. Wọ́n tú u kúrò ní ọjọ́ kan tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ bẹ́líìtì. Wọn kò dá a padà mọ́. Wọ́n ní ó ń fi àkókò ṣòfò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọmọ-iṣẹ́ kékeré tí ó ń gbálẹ̀ rí i pé etí bẹ́líìtì náà ti ya. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já dé ìdajì. Ọmọ náà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wo Bàbá. Bàbá ń bá oníbàárà jiyàn lórí owó. Ó wo Bọ̀ọ̀dá tí ó ń la igi. Ó rántí pé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, nígbà tí òun béèrè ọ̀rọ̀ kan, Bọ̀ọ̀dá fi ohùn líle dá òun lóhùn pé, “Ìwọ tí o dé lánàá, o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?” Ọmọ náà gbé ìgbálẹ̀ jù sílẹ̀, ó lọ sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n tan ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí bẹ́líìtì náà fi já. Ó na Bọ̀ọ̀dá lápá bí ẹgba, ó sì ti ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ayùn. Kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ, ìka méjì ti lọ.

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní, “Ayé ni.” Èkejì ní, “Àmúwá Ọlọ́run ni.” Ẹ̀kẹta ní, “Ògún ń bínú. Ẹ jẹ́ kí a bọ ọ́.” A kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá béèrè ìbéèrè kan tí àwọn yòókù kò béèrè. Nígbà tí ó ti ọsibítù dé ní ìrọ̀lẹ́, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó gbé bẹ́líìtì tí ó já náà sókè. Ó ní, “Ta ni ó rí nǹkan yìí kí ó tó já?”

Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Nígbà tí ó yá, ọmọ-iṣẹ́ kékeré náà dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, èmi ni. Mo rí i láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀rù ló bà mí.”

“Ẹ̀rù bẹ́líìtì?”

“Rárá, Bàbá. Ẹ̀rù yín ni.”

Bàbá jókòó sórí pákó. Ó pẹ́ kí ó tó tún lè sọ̀rọ̀.

2. Kí ni ó gé ìka Bọ̀ọ̀dá?

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Bí a bá ní ayùn ni, òótọ́ ni. Bí a bá ní bẹ́líìtì tí ó gbó ni, òótọ́ ni. Bí a bá ní ìbòrí tí wọ́n tú sílẹ̀ ni, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kẹrin wà níbẹ̀, òun ni ó sì burú jù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé, ẹnì kan mọ̀ pé ewu wà. Kò sì rí ẹni tí òun lè sọ ọ́ fún.

Fìlà líle dára. Ìwé ara ògiri dára. Ṣùgbọ́n wọn kò tó. Ohun tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ni àṣà ààbò. Kí ni à ń pè ní àṣà? Ohun tí a ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wa létí ni. Bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa bá jí láàárọ̀, yóò kí ìyá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í lẹ ìwé mọ́ ògiri kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ààbò rí níbi iṣẹ́.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣé kí ọmọ kékeré wá máa pàṣẹ fún àgbà ni?” Rárá o. Bíbọ̀wọ̀ fún àgbà dára, a kò sì ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ejò bá wà lẹ́yìn àga Bàbá, ṣé ọmọ yóò dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀? Yóò kígbe ni! Bẹ́líìtì tí ó ti ya, ejò ni. Wáyà iná tí ó bó, ejò ni. Ẹni tí ó kígbe ejò kò rí àgbà fín. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Àwọn baba wa sì ti wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

3. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn

Kì í ṣe ìdí ayùn nìkan ni ìdákẹ́jẹ́ ti ń pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, ọdún 1911, iná jó ilé-iṣẹ́ aránṣọ kan ní ìlú New York, ní Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ 146 ni ó kú. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tí wọn ì bá gbà jáde wà ní títì.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, iná jó ilé-iṣẹ́ kan ní Òdògúnyàn, ní Ìkòròdú, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Níbẹ̀ náà, òṣìṣẹ́ púpọ̀ kú nínú ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ wọn.

Ọdún 91 ni ó wà láàárín iná méjèèjì. Ilẹ̀kùn tí a tì ṣì ni. Ilẹ̀kùn tí a tì kì í sá pamọ́. Ojú ń rí i lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ti mọ́ ojú lára, ẹnu kì í sọ ọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí wọ́n ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ẹ mọ Toyota, àwọn ará Japan tí ó ń ṣe ọkọ̀. Nínú àwọn kan lára ilé-iṣẹ́ wọn, wọ́n ta okùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń to ọkọ̀. Bí òṣìṣẹ́ kan bá rí ohun tí kò tọ́, yóò fa okùn náà. Ọ̀gá tí ó wà nítòsí yóò sáré wá. Bí wọn kò bá lè tètè tún un ṣe, iṣẹ́ yóò dúró. Òṣìṣẹ́ lásán ni ó lè fa okùn yìí, kò ní dúró de àṣẹ. Kò sí okùn ní sọ́míìlì wa. Ṣùgbọ́n ẹnu wà. Ẹnu ni okùn tiwa.

4. Ohun márùn-ún tí Bàbá ṣe

(i) Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú agbádá ni Bàbá fi ń rìn kọjá lẹ́bàá ayùn. Ó pa á tì. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ tí ó mọ́ ọn lára, ó sì dé fìlà líle. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rí i, wọ́n gbọn eruku ara fìlà tiwọn.

(ii) Ó dá ìbòrí padà. Ó ra bẹ́líìtì tuntun, ó sì ní kí wọ́n de ìbòrí irin náà mọ́ ibi tí ó yẹ. Ó wí pé, “Láti òní lọ, kò sí ìbòrí, kò sí iṣẹ́.”

(iii) Kọ́kọ́rọ́ wọ inú àpò. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe yóò pa iná. Yóò yọ fíúsì. Yóò ti àpótí iná náà pa, yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ara rẹ̀ títí yóò fi ṣe tán. Ẹlòmíràn kò ní lè tan ẹ̀rọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

(iv) Ìpàdé ìṣẹ́jú márùn-ún. Láràárọ̀, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, gbogbo wọn yóò dúró yí ayùn ká. Bàbá yóò béèrè pé, “Kí ni ó lè ṣe wá léṣe lónìí?” Ẹni tí ó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ mọ ìdí rẹ̀: bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ tán, ọmọdé yóò dákẹ́.

(v) Ìwé Díẹ̀-Ló-Kù. Bàbá ra ìwé kékeré kan, ó fi okùn so ó mọ́ òpó pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ohunkóhun tí ó bá fẹ́ ṣe ènìyàn léṣe ṣùgbọ́n tí kò ṣe é, inú ìwé yìí ni wọn yóò kọ ọ́ sí. Tẹ́lẹ̀, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, wọn a ní, “Orí ló yọ mí,” wọn a rẹ́rìn-ín, ó parí. Ṣùgbọ́n ohun tí orí yọ wá nínú rẹ̀ lónìí ń kìlọ̀ fún wa nípa ọ̀la ni. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ẹ ka díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ:

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Gẹdú yí. Díẹ̀ ló kù kó gun mi lẹ́sẹ̀. A ti fi igi dí i.”

“Ọjọ́rú. Wáyà iná bó lẹ́yìn ẹ̀rọ. A ti pe ẹni tó ń tún iná ṣe.”

“Ọjọ́bọ̀. Mo fi ọwọ́ ti pákó kékeré sí ayùn. Láti òní lọ, igi ni n ó máa fi tì í.”

Ẹ rí i pé ìwé náà kò gùn. Ẹni tí ó ti parí ìwé kìíní lè kọ ọ́. Ẹni tí kò tíì mọ̀wé yóò sọ ọ́ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ. Òfin kan péré ni Bàbá fi sí i. Ó ní, “Ẹni tó bá kọ ọ́, ọpẹ́ ni n ó fún un. Kódà bó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣe àṣìṣe.” Bí a bá ń bá ẹni tí ó jẹ́wọ́ wí, kò ní sí ẹni tí yóò jẹ́wọ́ mọ́.

5. Ohun tí ìdí ayùn fẹ́

Aṣọ tí ó tú, ẹ̀gbà ọrùn àti okùn kì í dé ìdí ẹ̀rọ tí ń yí. Ayùn á fà wọ́n, á sì fa ènìyàn mọ́ wọn. Ìbọ̀wọ́ pàápàá kò dára fún ẹni tí ó ń la igi lọ́wọ́. Ayùn lè gbá a mú, kí ó fa ọwọ́ wọlé. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ dára fún ẹni tí ó ń ru pákó.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ kígbe kí ẹni tí ó wà nítòsí yín tó gbọ́, ariwo ẹ̀rọ náà lè ba etí jẹ́. Ẹ fi ohun ìdí-etí sí i. Etí tí ariwo bá ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò.

Ẹ bo imú nítorí eruku igi. Ẹ máa gbá a kúrò lójoojúmọ́, nítorí pé iná tètè ń mú un. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu sìgá níbẹ̀.

6. Ohun tí òfin wí

Òfin Àwọn Ilé-Iṣẹ́ ti ọdún 1987 ní Nàìjíríà wí pé a gbọ́dọ̀ bo apá ẹ̀rọ tí ó léwu. Ó wí pé nígbà tí ènìyàn bá wà nínú ilé-iṣẹ́, a kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tí ó wà nínú kò fi ní lè tètè ṣí i. Ó sì wí pé kí àpótí oògùn ìtọ́jú kíákíá wà níbẹ̀.

Òfin mìíràn jáde ní ọdún 2010, nípa owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ó bá ṣèṣe. Agbanisíṣẹ́ ni yóò máa san owó sí àpò àjọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NSITF. Ó kéré tán, náírà 1 ni nínú gbogbo náírà 100 tí ó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́. Òfin yìí ka ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá ṣèṣe gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọgbẹ́ pamọ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

7. Bí ẹnì kan bá ṣèṣe

Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ gidigidi, kí ẹ sì gbé apá náà sókè. Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì sí i. Ẹ má ṣe lọ ewé sí i.

Bí ìka bá gé, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ó tutù díẹ̀ wé e, ẹ fi sínú ọ̀rá mímọ́, ẹ di ẹnu ọ̀rá náà, kí ẹ gbé e lé orí yìnyín. Yìnyín kò gbọdọ̀ kan ìka náà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé òun àti ẹni náà lọ sí ọsibítù kíákíá.

Bí iná mànàmáná bá mú ènìyàn, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ pa iná ná.

8. Ọjọ́ ìdánwò

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá ti jinná, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ kan, oníbàárà kan gbé ọkọ̀ ńlá wá. Òjò ṣú. Oníbàárà ti ka owó sílẹ̀, ó fẹ́ tètè lọ. Bọ̀ọ̀dá ń ti gẹdú lọ sí ẹnu ayùn. Lójijì, ọmọ-iṣẹ́ kékeré náà rí ohun dúdú kan lára igi, ó dà bí orí ìṣó. Bí ayùn bá gé irin, ó lè fọ́, kí ó sì fò ká.

Ọmọ náà kígbe pé, “Ẹ dúró!”

Bọ̀ọ̀dá pa ẹ̀rọ. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Oníbàárà pòṣé. Bàbá jáde wá, ojú rẹ̀ le. Gbogbo òṣìṣẹ́ ń wo ojú náà. Ní irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ ni àṣà ààbò ń kú tàbí kí ó yè.

Wọ́n fi àáké bó èèpo igi náà. Wọ́n wá irin títí. Wọn kò rí irin kankan. Oje igi tí ó ti gbẹ ni. Ojú ti ọmọ náà, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí ó tọrọ àforíjì.

Oníbàárà ní, “Ẹ ò rí i? Lásán ló dá wa dúró! Ìdajì wákàtí ti lọ!”

Bàbá wò ó. Ó ní, “Òótọ́ ni, ìdajì wákàtí ti lọ. Ṣùgbọ́n ìka méjì ti lọ níbí rí. Mo mọ èyí tó wọ́n jù.” Bọ̀ọ̀dá gbé ọwọ́ rẹ̀ tí ó ku ìka mẹ́ta sókè. Kò sọ̀rọ̀. Oníbàárà náà dákẹ́.

Bàbá wá yíjú sí ọmọ náà. “O ṣeun. Bí o bá tún rí ohun tó jọ ọ́ lọ́la, tún kígbe.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ-iṣẹ́ náà mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sínú Ìwé Díẹ̀-Ló-Kù: “Mo kígbe. Kò sí irin. Bàbá dúpẹ́.”

Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ó bá jẹ́ ìgbà tí irin wà nìkan ni ẹ ń dúpẹ́, ní ọjọ́ tí irin bá wà lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò ní kígbe. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹnu yín ni okùn tí ó lè dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dọwọ́ ọjọ́ Ajé.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

Ààbò: ohun tí a ń ṣe kí ewu má bàa dé bá wa.
Ìbòrí: irin tí ó bo apá ẹ̀rọ tí ó léwu.
Gbà-má-bínú: owó tí a fi ń ran ẹni tí ó ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́.
Díẹ̀-ló-kù: ewu tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè

1. Ọjọ́ wo ni ọmọ-iṣẹ́ náà rí bẹ́líìtì tí ó ya? Kí ni kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìwé ara ògiri àti àṣà ààbò?
3. Nínú ìpàdé àárọ̀, ta ni ó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Kí ni ìdí rẹ̀?
4. Ọjọ́ mélòó ni òfin fún ẹni tí ó ṣèṣe láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀?
5. Wọn kò rí irin nínú gẹdú náà. Kí ni ìdí tí Bàbá fi dúpẹ́?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ “Díẹ̀-Ló-Kù” sí iwájú rẹ̀. Ẹ rántí ohun kan tí ó fẹ́ ṣe yín léṣe níbi iṣẹ́, ní oko tàbí nílé ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ fi ìlà mẹ́ta kọ ọ́: ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ rí, àti ohun tí ẹ ṣe sí i. Lọ́la, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ kà á sí etí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín.